IBI TÍ INÁ KÒ DÉ: ÈDÈ YORÙBÁ ÀTI IṢẸ́ WÍWẸ IRIN NÍ ÀGÍDÌNGBÌ

  

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ tí mo yàn láàyò. Ẹni tí ó bá ti ń gbọ́ mi tipẹ́ yóò ti máa retí pé ìjálá, ẹ̀sà tàbí ìtàn àròsọ ni n óò tún gbé kalẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Irin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí a ṣe ń fi iná mànàmáná gbé awọ bàbà, níkẹ́ẹ̀lì, kúróòmù tàbí wúrà wọ irin mìíràn, àti ìdí tí awọ náà kì í fi í fẹ́ wọ inú ihò tí ó bá jìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó pa onílítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ ihò irin, ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ihò irin. N óò sọ ọ́ bí ó ti rí, n kò sì ní fi bò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà kò ní lóye àṣìṣe náà. Nítorí ìdí èyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ibi iṣẹ́ náà, kí n ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí a tó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ èdè tí í ṣe oko tèmi.

2. Àgídìngbì

Àgídìngbì wà ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí Ọgbà, ó sì múlé gbe Aláùsá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe ibùjókòó. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni gbogbo àgbègbè náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Èkó tún mọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn. Ogun Àgídìngbì jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí wọ́n ń pe ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé ja Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nítorí bí ìbọn àgbá ṣe ń dún láti orí ọ̀sà. Ohun tí ó wù mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ohùn irin ni. Irin ni ó sọ̀rọ̀, etí Yorùbá ni ó gbọ́ ọ, ẹnu Yorùbá sì sọ ọ́ di orúkọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi parí.

Láàrin 1950 sí 1960, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkẹjà bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àgídìngbì ni ilé-iṣẹ́ Cadbury wà, tí ó ń ṣe Bournvita tí ọ̀pọ̀ wa fi dàgbà. Àgídìngbì kan náà ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó àti Radio Lagos wà. Lójoojúmọ́ ni Radio Lagos ń fi èdè Yorùbá ka ìròyìn, tí ó ń fi í polówó ọjà, tí ó sì ń fi í parí ìjà tọkọtaya.

Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn hàn lójú títì, irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìní àwọn ilé kéékèèké tí ń bẹ lẹ́yìn wọn: àwọn tí ń gbẹ́ irin, àwọn tí ń jó irin pọ̀, àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, àti àwọn tí ń wẹ irin. Bọ́ńpà ọkọ̀ tí ó ti dípẹtà, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi ti balùwẹ̀, ẹsẹ̀ àga onírin, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí a kò rí irú rẹ̀ rà mọ́: àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà. Ohun tí ó bá wọlé tọ̀ wọ́n ní dúdú a jáde ní dídán.

3. Bí a ṣe ń wẹ irin

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí kí n tó dé ibẹ̀. Bí ẹ̀gbà ọrùn kan bá ń dán bíi wúrà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ojúlówó, àwọn obìnrin wa a máa sọ pé omi góòlù ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn yìí péye ju bí àwọn tí ń sọ ọ́ ti rò lọ, nítorí pé inú omi ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Ní 1800 ni Alessandro Volta, ará Ítálì, ṣe bátìrì àkọ́kọ́. Ní 1805, Luigi Brugnatelli, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú Pavia, fi iná irú bátìrì bẹ́ẹ̀ gbé wúrà wọ àmì-ẹ̀yẹ tí a fi fàdákà ṣe. Ní 1834, Michael Faraday ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin iṣẹ́ náà jáde: bí iná tí ó gba inú omi kọjá bá ti pọ̀ tó ni irin tí yóò lẹ̀ mọ́ nǹkan yóò ṣe pọ̀ tó. Ní 1840, àwọn Elkington ní Birmingham gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi wúrà àti fàdákà wẹ irin, láti ìgbà náà ni ó sì ti di òwò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n a bu omi sínú ọpọ́n ńlá kan, wọ́n a sì yọ́ iyọ̀ irin tí wọ́n fẹ́ lò sínú rẹ̀. Ká ní níkẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n a so ohun tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ rọ̀ sí àárín ọpọ́n, wọ́n a sì fi wáyà so ó mọ́ ìhà kan iná. Wọ́n a so ọ̀pá níkẹ́ẹ̀lì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n lọ́tùn-ún lósì, wọ́n a so ìyẹn mọ́ ìhà kejì. Bí iná bá ti wọlé, níkẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú omi a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ohun tí ó wà láàárín. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láti dí àyè èyí tí ó ti lọ. Awọ náà kò nípọn. Mìkírónù 10 sí 20 ni níkẹ́ẹ̀lì ọ̀ṣọ́ sábà máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ mìkírónù 1,000 ni ó wà nínú mìlímítà 1 péré. Kúróòmù tí wọ́n ń gbé lé e lórí kí ó lè dán kì í sábà tó mìkírónù 1.

4. Ihò

Bí ohun tí a fẹ́ wẹ̀ bá tẹ́ bí àwo, iṣẹ́ rọrùn. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ní ihò: ọ̀pá oníhò tí ìdí rẹ̀ dí, ara ẹ̀rọ omi, àgé, igun tí ó kọ́ sínú. Iná a máa pọ̀ sí ibi tí ó bá sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àti ibi tí ó bá yọ síta. Etí nǹkan, ṣóńṣó rẹ̀ àti ẹnu ihò ni iná ń rọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni awọ ti ń nípọn. Ìdí ihò a máa gba díẹ̀, tàbí kí ó má gba nǹkan kan rárá.

Kì í ṣe iná nìkan ni ó ń fà á. Omi tí ó wà nínú ihò kì í tètè pààrọ̀. Bí ìwọ̀nba níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ bá ti tán, omi ìta kì í yára wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Gáàsì pẹ̀lú a máa hó jáde lára irin. Bí ẹnu ihò bá dojú kọ ilẹ̀, gáàsì náà a há sínú, a sì lé omi jáde.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ a rò pé kí á fi kún agbára iná ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kún un, ẹnu ihò ni yóò jẹ ẹ́. Etí yóò nípọn kọjá ààlà, yóò ṣe ṣákiṣàki, yóò dúdú bí ohun tí iná jó, ìdí ihò yóò sì wà bí ó ti wà. Agbára tí a fi kún un lọ sí ibi tí agbára ti wà tẹ́lẹ̀.

Omi kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀. Nínú gbogbo wọn, omi kúróòmù ni ó burú jù lọ fún ihò. Omi bàbà tí a fi sáyánáìdì ṣe wà lára àwọn tí ó dára jù lọ. A máa wọ kọ̀rọ̀ tí òmíràn kò lè wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa. Sáyánáìdì jẹ́ májèlé tí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn oníṣẹ́ kò fi tètè pa á tì ni pé ó ń dé ibi tí iná kì í fẹ́ dé. Ihò ni ó gbé májèlé náà wá sínú ilé.

5. Ọgbọ́n tí a ti dá sí i

Àwọn oníṣẹ́ kò káwọ́ gbera. Ọgbọ́n kìíní ni pé kí á gbé ọ̀pá kékeré mìíràn sínú ihò náà gan-an, kí ó má kan ara ihò, kí á sì so ó mọ́ ìhà tí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ wà. Nígbà náà, inú ihò ni iná yóò ti máa jáde; kò ní í rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Ọgbọ́n kejì ni pé kí á dín iná kù, kí á fi àkókò kún un. Ọgbọ́n kẹta ni kí á máa rú omi, tàbí kí á máa tì í gba inú ihò kọjá. Ọgbọ́n kẹrin ni kí á so nǹkan náà rọ̀ lọ́nà tí gáàsì yóò fi rí ọ̀nà jáde, tí omi yóò sì lè ṣàn kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí a bá gbé e sókè.

Ọgbọ́n karùn-ún ni ó yani lẹ́nu jù. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, Abner Brenner àti Grace Riddell ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ fi iná gbé níkẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú túǹgístẹ́ẹ̀nì wọ inú ọ̀pá oníhò. Kí awọ náà má bàa sán, wọ́n fi oríṣi kẹ́míkà kan kún omi. Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ wọn, wọ́n rí i pé irin tí ó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ju èyí tí òfin Faraday gbà láàyè lọ. Ẹ̀yìn ọ̀pá náà pẹ̀lú, tí kò dojú kọ iná, ti gba awọ. Kẹ́míkà yẹn ni ó ń ṣe é, kì í ṣe iná. Ní 1946 ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ bí a ṣe ń fi níkẹ́ẹ̀lì wẹ irin láìlo iná rárá: níbikíbi tí omi náà bá dé, tí ó sì ń pààrọ̀, awọ yóò wọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n kan náà, ì báà ṣe ẹnu ihò, ì báà ṣe ìdí rẹ̀. Ihò ni àwọn méjèèjì ń lé kiri tí wọ́n fi kan ohun tí wọn kò wá.

6. Àwọn baba wa àti inú irin

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ inú irin jẹ́ fún wa. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà dà. Ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti wà kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ wa. Inú àwọn orí náà ṣófo. Ẹni tí ó dà wọ́n ti kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú, ó fi ìda bò ó, ó ya ojú, imú àti ẹnu sára ìda náà, ó tún fi amọ̀ bo ìta. Lẹ́yìn náà ni ó yọ́ ìda dànù, tí ó sì da irin yíyọ́ sí àyè tóóró tí ìda fi sílẹ̀.

Ẹ wo irú ìmọ̀ tí èyí gbà. Oníṣẹ́ náà kò lè fi ojú rí ibi tí irin ń lọ. Ó ní láti mọ ọ̀nà tí irin yóò gbà wọlé, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde, àti ibi tí irin lè ti dì kí ó tó dé òpin. Bí ó bá ṣì í, etí orí náà yóò jáde láìpé. Ó dá mi lójú pé ìmọ̀ yìí ní èdè. Bàbá kì í fi ọwọ́ nìkan kọ́ ọmọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wà fún afẹ́fẹ́ tí ó há, ọ̀rọ̀ wà fún irin tí ó dì kí àkókò rẹ̀ tó tó. Àwa tí a ń kọ́ lítíréṣọ̀ ti kó oríkì Ògún jọ, a ti gbà á sórí ẹ̀rọ, a ti tú u palẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ Ògún fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí ẹwìrì ńkọ́? Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a kó jọ.

7. Àṣìṣe mi

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ báyìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó ní ilé ìwẹ-irin kékeré ní Àgídìngbì tọ̀ mí wá. Mo ti kọ́ ọmọ rẹ̀ rí. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìkìlọ̀ tí ó wà lára ògiri òun, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun kò sì lè kà á. Ó fẹ́ kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Inú mi dùn. Mo ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lórí tábìlì mi, n kò gba kọ́bọ̀. N kò sì lọ wo ibi iṣẹ́ náà.

Ọ̀kan nínú ìkìlọ̀ náà dá lórí ohun tí ó wà láàrin ọpọ́n méjì. Ọpọ́n kìíní ni omi bàbà tí ó ní sáyánáìdì nínú. Ọpọ́n kejì jẹ́ ti ásíìdì, tí wọ́n fi ń ta irin jí kí ó tó wọ inú omi níkẹ́ẹ̀lì. Sáyánáìdì àti ásíìdì kò gbọdọ̀ pàdé. Bí wọ́n bá pàdé, gáàsì kan a dìde tí ó ń pa ènìyàn kíá. Àwọn kan a máa gbọ́ òórùn rẹ̀, àwọn kan kì í gbọ́ ọ rárá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé imú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n fi omi mímọ́ fọ nǹkan náà dáadáa láàrin ọpọ́n méjèèjì. Èmi kọ ọ́ báyìí pé: “Ẹ wẹ irin dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ sínú ọpọ́n kejì.”

Gbólóhùn náà dùn lẹ́nu. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀. Olùyẹ̀wò yóò fún mi ní máàkì tí ó pé.

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ọkùnrin náà fi pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó ọ̀pá oníhò tí ìdí wọn dí, ó wẹ̀ wọ́n ní bàbà, ó sì gbé wọn jáde. Nígbà tí àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní òun rò pé ìwé ara ògiri ń sọ pé kí òun wẹ̀ wọ́n ní bàbà dáadáa kí òun tó gbé wọn lọ, òun sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó da omi sí wọn lára díẹ̀ bí ó ti rí i tí àwọn yòókù ń ṣe. Ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n omi sáyánáìdì ṣì wà nínú ihò wọn. Ó rì wọ́n sínú ásíìdì. Kò pẹ́ tí orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Ọlọ́run bá a ṣe é, ẹnu ọ̀nà ni ó ṣubú sí. Wọ́n fà á síta síbi afẹ́fẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ó yè é.

Ọkùnrin tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ yìí kò ṣàìgbọràn. Ohun tí ẹ kọ ni ó ṣe.” Ó ti sọ̀rọ̀ náà tán kí n tó mọ ohun tí n óò fèsì.

8. Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún

Mo lọ sí ibi iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, mo sì jókòó sórí àpótí kan títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo rí i pé níbẹ̀, “wẹ̀” ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe ti ìwẹ̀ balùwẹ̀. Òun ni iṣẹ́ náà gan-an: kí á gbé awọ wọ irin. Omi góòlù tí àwọn ìyá wa ń sọ ni ó bí i. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti tábìlì mi, ìwẹ̀ ara ni ó wà lọ́kàn mi.

Àṣìṣe kejì jìn ju ìyẹn lọ. Ká tilẹ̀ ní wọ́n gbọ́ “wẹ̀” bí mo ti fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, ara ni a ń wẹ̀, a kì í wẹ inú. Ẹni tí ó wẹ ọmọ, ara ọmọ ni ó fi omi sí. Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára ògiri kò mẹ́nu kan inú ihò. Èmi náà kò sì mẹ́nu kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni inú ihò ni ikú wà.

Àgbà kan wà níbẹ̀, tí ó ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Mo bi í pé, “Bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń sọ fún ọmọ tuntun pé kí ó fọ inú ọ̀pá?” Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè ọmọdé ni mo bi òun. Ó ní, “Mo máa ń sọ fún un pé kó fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ kèrègbè ni. Kó bu omi sí i, kó mì í, kó dà á nù, kó tún bu òmíràn.”

Ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún. Ẹnìkan kò bi í. Gbogbo ẹni tí ó bá ti rí kèrègbè rí mọ̀ pé a kò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, pé omi ni ó ní láti lọ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kí ó sì jáde. A kò nílò láti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Ohun tí a nílò ni kí á ya àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ní sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: “wẹ̀” fún gbígbé awọ wọ irin, “ṣàn” fún dída omi sí ara nìkan, “fọ̀” fún mímú ohun tí ó lẹ̀ mọ́ nǹkan kúrò, “mì” fún jíjẹ́ kí omi ṣiṣẹ́ nínú ihò, àti “dà nù” fún títú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde pátápátá. Èmi àti bàbá náà ni a jọ kọ ìkìlọ̀ tuntun. Bí ó ti wà lára ògiri nìyí:

Ohun tó bá ní ihò, má fi ojú wò ó pé ó mọ́.
Yí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọpọ́n kìíní, kí omi inú rẹ̀ ro tán.
Fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ kèrègbè: bu omi sí i, mì í, dà á nù sínú àgbá tiwọn, kì í ṣe sójú gọ́tà.
Ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí omi sì jẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Bí ìdí rẹ̀ bá dí tí omi kò lè jáde, má gbé e lọ síbi ásíìdì. Pe ọ̀gá.

Kí á tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, a pe ọmọ iṣẹ́ tuntun kan, a kà á sí i létí, a sì ní kí ó ṣe ohun tí ó gbọ́. Èmi jókòó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ti kọ́ ni ní iṣẹ́ ògbufọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí àyẹ̀wò tí ó tó àyẹ̀wò.

9. Ohun tí àwọn kan lè sọ

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣé a kò ti ń ṣe iṣẹ́ yìí? A ti ń ṣe é. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ní 2018, gómìnà fọwọ́ sí òfin kan ní Aláùsá tí ó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n láti Aláùsá sí ilé ìwẹ-irin yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni a lè fi rìn ín, èdè Yorùbá tí ó ní àṣẹ kò sì tíì rìn ín dé ibẹ̀. Radio Lagos ń sọ̀rọ̀ láti inú rédíò kékeré tí ó wà lójú fèrèsé wọn, ìkìlọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí wọn là sì wà ní èdè tí wọn kò lè kà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Àgídìngbì. Òótọ́ ni. Mo bá ọmọ Ègùn, ọmọ Ígbò àti ọmọ Haúsá níbẹ̀. N kò sọ pé kí á fi Yorùbá rọ́pò Gẹ̀ẹ́sì lára ògiri kí àwọn yẹn wá wà lókùnkùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kí ìkìlọ̀ náà gbà dé etí. Tiwa ni kí á kọ́kọ́ ṣe dáadáa.

Ẹ̀kẹta lè sọ pé kí á jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n kọ́ ọ, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gáàsì kì í dúró de ẹni tí ó ń kọ́ ìwé.

10. Àgbálọgbábọ̀

Mo mọ̀ pé àfiwé kì í ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ronú nípa iṣẹ́ ẹ̀ka wa, ọpọ́n yẹn ni mo ń rí. A ti fi èdè Yorùbá wẹ ohun tí ó yọ síta: ayẹyẹ, oríkì ọba, ìwé àpilẹ̀kọ, ìdánwò oyè. Awọ ibẹ̀ ti nípọn, ó sì ń dán. Bí a bá sì rí owó tàbí òfin tuntun gbà, ibẹ̀ náà ni ó tún ń lọ. Ìdí ihò wà bí ó ti wà. Àwọn oníṣẹ́ irin ti kọ́ wa pé fífi agbára kún un kò lè ṣe é. Ohun tí yóò ṣe é ni kí á gbé ọ̀pá lọ sínú ihò gan-an.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ ẹ̀ka yìí fún. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá fẹ́ gba oyè nínú èdè Yorùbá lo oṣù kan ní ibi iṣẹ́ ọwọ́, ì báà ṣe ti mẹkáníìkì, ti aṣọ híhun, tàbí ti irin, kí ó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń lò ó. Èkejì, kí á má ṣe tẹ ìkìlọ̀ tàbí ìlànà kankan jáde ní Yorùbá láìjẹ́ pé ẹni tí yóò lò ó ti fi ọwọ́ ṣe é lójú ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí á kọ orúkọ àwọn tí a bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn sínú ìwé, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá tí ó fún mi ní kèrègbè kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ ìkìlọ̀ náà. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣubú yẹn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ó mú ọ̀pá oníhò kan wá, ó bu omi sí i, ó mì í sí etí mi kí n gbọ́ ọ, ó dà á nù. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ó fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí èmi náà ṣe é kí òun wò ó.